Fọ́tò àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta: ibo ni kí n yà, báwo ni kí n ṣe é?

Ọmọ_Ìsọ́lù
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ tó wà ní Aláàbàtà. Ogún fọ́tò ni àwọn olùkọ́ wa ní kí a kó jọ lórí Abẹ́òkúta: àwọn ibi tí a dé, àti bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ayé wọn lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù ni mo ní, kò sí kámẹ́rà. Sátidé mẹ́ta ló kù. Ibo ni kí n kọ́kọ́ dé, aago mélòó, kí ni n kò sì gbọdọ̀ yà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n lọ sí àpáta Olúmọ, gbogbo kíláàsì ló ń lọ ibẹ̀.

Ayàwòrán_Sápọ́n
Àbúrò, lọ sí Olúmọ. Ohun tó ń mú kí fọ́tò gbogbo kíláàsì jọra kò ju aago tí wọ́n ń débẹ̀ lọ: mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti dúró sí àtàrí. Ìgbà yẹn ni òkúta máa ń funfun bí eérú, tí òjìji á sì wọ abẹ́ ìpéǹpéjú èèyàn bí ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mọ ibi tí oòrùn ń gbà. Odò Ògùn àti Láfẹ́nwá wà ní ìwọ̀-oòrùn Olúmọ. Aké wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ó yà sí gúúsù díẹ̀. Bí o bá fẹ́ ya òrùlé Aké, ẹ̀yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí o wà lókè: oòrùn á wà lẹ́yìn rẹ, á tàn sórí páànù tó ti dógùn-ún, àwọ̀ wọn á pọ́n bí epo. Bó bá jẹ́ àárọ̀ lo gòkè láti ya ibẹ̀, oòrùn á wọ ojú kámẹ́rà, òrùlé á dúdú, ojú ọ̀run á funfun. Ìhà odò ni kí o fi àárọ̀ yà. Kí o tó sanwó, béèrè aago tí wọ́n ń ti ẹnubodè, wọn kì í dúró de oòrùn kó wọ̀.

Oṣù tí a wà náà ní tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, eruku á bo ìlú, mọ́ṣáláṣí Kóbìtì àti ṣọ́ọ̀ṣì Aké á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn láti òkè. Má fi ìyẹn jà. Ya ohun tó wà láàárín mítà márùn-ún sí ọ: ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ tó di òkúta mú. Òwúrọ̀ tó tẹ̀lé òjò ńlá ni ọ̀nà jíjìn máa ń mọ́ jù lọ, torí òjò ti fọ eruku inú afẹ́fẹ́.

Ará_Ìkìjà
Ẹ jẹ́ kí n ṣe àtúnṣe kan kí ẹnì kan tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́. Mítà 137 tí wọ́n ń pè ní gíga Olúmọ, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́, kì í ṣe láti ìdí òkúta. Ẹni tó bá kọ pé òun gun mítà 137, irọ́ ló pa.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gòkè: àtẹ̀gùn, àti lífítì tí ìjọba kọ́. Má gbójú lé lífítì, iná ló ń lò. Ọ̀nà àárín àpáta àtijọ́ ni fọ́tò pọ̀ sí, ó há débi pé ẹni tó sanra á fẹ̀gbẹ́ gbà á. Nínú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, òrùlé kò ga, tẹrí ba. Wo ilẹ̀ dáadáa, àwọn ojú ihò kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan nígbà náà. Má fi fíláàsì yà á. Òkúta tó súnmọ́ ọ á tàn yòò, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì di òkùnkùn. Jókòó sínú, kí o jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò fi ẹ̀gbẹ́ gbà wọlé.

Ojúbọ wà lórí òkúta náà. Tí o bá dé ibẹ̀, fóònù wọ àpò. Jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín kiri bá ọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Tí wọ́n bá gbà, fi nǹkan sílẹ̀. Tí wọn kò bá gbà, má fi ọgbọ́n yà á láti òkèèrè. Wọ́n ń rí ọ.

Alárò_Ìtòkú
Láti ẹnubodè Olúmọ, ẹsẹ̀ ló yẹ kí o fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìtòkú, kò jìnnà. Àmọ́ gbọ́ èyí kí o tó dé: Ìtòkú ni a ti ń ta àdìrẹ. Agbo ilé ni a ti ń pa á láró, ní Kẹ́mta, ní Ìjẹmọ̀, àti ní ẹ̀yìn ọjà náà. Ẹni tó bá ya ìsọ̀ nìkan kò tíì ya àdìrẹ, aṣọ tí wọ́n kó jọ ló yà. Ra ìwọ̀nba aṣọ lọ́wọ́ ìyá kan, kódà kó jẹ́ gèlè, kí o sì bi í pé ta ló ń bá a rẹ aṣọ. Á júwe.

Mọ orúkọ ohun tí o ń yà. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ike àti rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Alábẹ́rẹ ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya batànì sí: wọ́n á fi omi po ìyẹ̀fun láfún pẹ̀lú álúmù, wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ tàbí páànù tí wọ́n gé ihò sí tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà nísinsìnyí, tí gbogbo ayé ń pè ní kàǹpálà, àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, fóòmù ni wọ́n sì fi ń tẹ̀.

Ní ti aró fúnra rẹ̀, má kọ pé ẹlú ni gbogbo rẹ̀. Aró ẹlú máa ń gba ọjọ́: wọ́n á gún ewé, wọ́n á rọ ọ́ bí ìṣù, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí wọ́n sẹ́, á sì wà nínú ìkòkò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó pọ́n. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ mọ́. Aró oníkẹ́míkà ni ti ọ̀pọ̀ agbo ilé, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Kọ́sítíìkì ń hó nínú omi, ó sì ń jó ara, nítorí náà dúró ní mítà méjì, má sì dorí kọ inú ìkòkò láti fi fóònù wo ìsàlẹ̀. Tí ó bá ta sí ọ lára, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fọ́tò tí gbogbo yín ń pàdánù nìyí. Tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró búlúù, kò tíì búlúù, ewéko ló jọ, nígbà mìíràn á yẹ̀lò díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, níṣojú rẹ. Dúró sí ojú kan, má yí ẹsẹ̀ padà, ya ọ̀kan bí ó ti ń jáde, ya èkejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ya ẹ̀kẹta lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Fọ́tò mẹ́ta yẹn nìkan ti tó ojú ewé kan. Ní kí aláró sọ fún ọ kó tó fà á sókè, torí kò ní dá a padà sínú aró nítorí fọ́tò rẹ.

Ìkìlọ̀ kan: má ya batànì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde láìgba àṣẹ. A kì í bínú sí fọ́tò, ẹni tó máa fi fọ́tò náà tẹ aṣọ jáde nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ la ń sá fún.

Aṣọ_Ẹ̀gbá
Báwo ni ọmọ yìí ṣe máa mọ ayédèrú, ẹ̀gbọ́n? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìsọ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Alárò_Ìtòkú
Yí aṣọ padà. Tí ẹ̀yìn bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí iwájú sì dúdú kirikiri, ẹ̀rọ ni. Oníko àti alábẹ́rẹ máa ń rí bákan náà ní tinú-tẹ̀yìn torí inú aró ni gbogbo aṣọ wọ̀. Ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ojú kan ni wọ́n ń tẹ ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú ju iwájú lọ, batànì ibẹ̀ kò sì ní mọ́ tónítóní. Tún wo batànì: ọwọ́ èèyàn kì í tún nǹkan ṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí òdòdó ogún bá dọ́gba láìsí ọ̀kan tó ṣẹ́ ẹsẹ̀, má pè é ní àdìrẹ nínú iṣẹ́ rẹ.

Ẹlẹ́rọ_Pánsẹ́kẹ̀
Ọ̀rọ̀ fóònù ló kàn mí. Kọ́kọ́ nu ojú kámẹ́rà, aṣọ tó mọ́ tó sì rọ̀ ni kí o fi nù ún. Ìdajì fọ́tò tó ń rú bí ẹni pé kùrukùru wà, òróró ọwọ́ ni.

Fọwọ́ kan ojú ẹni tí o ń yà lórí gíláàsì fóònù. Àpótí kékeré á yọ pẹ̀lú àmì oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fa oòrùn yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn ẹni dúdú, fóònù á rò pé ibẹ̀ ti mọ́ jù, á sì sọ ojú onítọ̀hún di èédú. Fa á sókè, tàbí kí o yí i sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú.

Má fi ìka méjì fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kàn ń gé àárín fọ́tò ni, tí yóò sì ń ṣe bíi pé ó súnmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi súnmọ́ ọn. Pa ètò fóònù tó ń mú kí ojú dán (beauty) náà, ó ń nu ilà ojú àwọn àgbà kúrò.

Ní ọjà, wo àwọ̀ àtíbàbà. Abẹ́ àmbúrẹ́là búlúù, ojú gbogbo èèyàn á búlúù, ẹran á dà bí ohun tó ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí o lè fi tún un ṣe dáadáa nílé. Bẹ ìyá kó sún síwájú ní ìgbésẹ̀ kan, sí etí àtíbàbà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń kan ojú rẹ̀.

Fọ́tò fóònù kan máa ń wúwo tó MB mẹ́ta sí márùn-ún. Tí o bá fi WhatsApp ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, á fún un mọ́lẹ̀, kò sì ní dára fún títẹ̀ sórí pépà mọ́. Ibi tí a ti ń so ìwé mọ́ ọ̀rọ̀ ni kí o ti mú un, kí o fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kó wọn sí ibi méjì: fóònù, àti Google Drive tàbí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́. Ọ̀fẹ́ ni GB 15 àkọ́kọ́ lórí Google. Páwà báǹkì 10,000 mAh kò ní kún fóònù 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì, ooru ń jẹ nínú rẹ̀. Kà á sí ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀.

Ìyá_Láfẹ́nwá
Ẹ kú àlàyé. Ọmọ mi, àdìrẹ àti òkúta nìkan kọ́ ni Abẹ́òkúta. Kí ni Ẹ̀gbá ń jẹ? Láfún. Jáde sí abúlé tó wà lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá tàbí Aláàbàtà tí ilé ẹ̀kọ́ yín wà gan-an, wàá rí i lórí àpáta. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí á fi rọ̀, wọ́n á fa okùn inú rẹ̀ jáde, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ dà nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sì sá a sórí àpáta tó gbóná. Tí oòrùn bá mú dáadáa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nígbà òjò kì í tètè gbẹ, á hu ewú, dúdú àti ewéko á yọ lára rẹ̀. Láfún burúkú nìyẹn, àmàlà rẹ̀ á korò.

Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí fọ́tò o. Oúnjẹ ni.

Ẹlẹ́rọ_Pánsẹ́kẹ̀
Ìyá, ẹ ṣé. Àbúrò, láfún lórí àpáta dúdú ni fọ́tò tí fóònù ń bàjẹ́ jù. Tí funfun bá gba ojú fọ́tò, fóònù á sọ ọ́ di eérú. Tí àpáta bá gbà á, láfún á tàn débi tí èèyàn kò ní rí hóró rẹ̀. Fọwọ́ kan láfún, kí o wá fa oòrùn yẹn sókè díẹ̀díẹ̀, dúró nígbà tó bá funfun tí o ṣì ń rí hóró. Aago mẹ́jọ àárọ̀ dára jù, òjìji hóró kọ̀ọ̀kan á gùn.

Tíṣà_Aké
Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já máàkì gbà lọ́wọ́ yín.

Ògùn ni odò, òun náà ni ìpínlẹ̀. Ògún ni òrìṣà. Ogun ni ìjà. Oògùn ni ti ilé ìwòsàn. Bí o bá kọ "Odò Ògún" sí abẹ́ fọ́tò afárá Láfẹ́nwá, òrìṣà lo fún ní odò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìtòkú àti Ìtókò, àdúgbò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá fi fọ́tò Ìtòkú pe Ìtókò, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó bá kà á ló máa mọ̀ pé kò débẹ̀.

Má kọ "ọba Abẹ́òkúta" bí ẹni pé ọ̀kan ni. Aláké ni ti Ẹ̀gbá Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ ni ti Òkè-Ọnà, Àgùrá ni ti Gbágùrá, Olówu ni ti Òwu. Ìbarà ní Olúbarà tirẹ̀. Kọ ààfin tí o dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ní Aké nìkan, o lè rí fọ́tò márùn-ún láìwọ ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́: 1898 ni wọ́n parí ilé tó wà níbẹ̀ yìí. Má dà á pọ̀ mọ́ ọdún tí ẹ̀sìn dé. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, ó sì padà wá fìdí kalẹ̀ ní 1846 pẹ̀lú Samuel Ajayi Crowther. Townsend yìí náà ló dá *Ìwé Ìròhìn* sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìwájú ààfin Aké, ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí abẹ́ fọ́tò ni ti àwọn obìnrin tó kún ibẹ̀ lórí owó orí ní 1947 àti 1948, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, títí Aláké Ademola Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Ọ̀nà tí o ń tẹ̀ lónìí ni wọ́n jókòó sí. Kọ ìyẹn, má kọ "ààfin yìí rẹwà gan-an". Ojú ti rí i pé ó rẹwà.

Láti wọ inú ààfin, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, sọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti ìdí tí o fi wá, mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ dání. Ṣí fìlà. Bí ìjòyè bá jáde, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Fóònù kì í ṣáájú ìkíni.

Fún ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin tó: ọjọ́ (fi òǹkà kọ ọ́), àdúgbò, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ohun kan tí fọ́tò kò lè fi hàn, bí òórùn aró, iye ọjọ́ tí láfún ti wà níta, tàbí ohun tí ìyá náà sọ. Kọ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí o bá dé ilé, gbogbo òrùlé á ti jọra.

Kámpù_Alẹ́
Kí ló dé tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ wa? Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ náà. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ní Kámpù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ de ọkọ̀ tó ń lọ Aláàbàtà, ìdajì wọn á ṣì máa jẹ búrẹ́dì àti àkàrà. Ẹ tún wo kẹ́ẹ̀gì omi tó tò sí iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù mẹ́wàá lórí wáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀, bàtà òjò ẹlẹ́rẹ̀ níwájú yàrá àwọn tó wà lọ́dún iṣẹ́ oko. Ìyẹn kò gba owó ọkọ̀. Alẹ́ ni kí o ya ti ẹlẹ́ran sísun, àmọ́ gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ lé ògiri tàbí tábìlì kí fóònù má mì. Tí ìlà dúdú bá ń sáré lórí fọ́tò lábẹ́ iná gílóòbù tuntun wọ̀nyí, gílóòbù ló ń ṣẹ́jú, fóònù rẹ kò ní àrùn. Súnmọ́ iná èédú.

Awakọ̀_Kútọ̀
Ètò Sátidé mẹ́ta, bí mo bá jẹ́ ìwọ. Àkọ́kọ́: láti Kámpù, wọ ọkọ̀ tó gba Ọbańtokò wọ ìlú, sọ̀ ní Sápọ́n tàbí ibi tó súnmọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ni yóò kù: Aké láàárọ̀, Ìtòkú lọ́sàn-án lábẹ́ àtíbàbà, Olúmọ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Èkejì: Láfẹ́nwá láàárọ̀ kùtùkùtù, ọjà, odò, àti ojú irin àtijọ́ tó gba ibẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1901. Ojú irin tuntun kò gba ibẹ̀, Láderin ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, Wole Soyinka ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀kẹta: láfún àti Kámpù, kí o máa tún èyí tó bàjẹ́ yà.

Béèrè iye owó kí o tó wọlé, mú ṣéńjì dání. Èèyàn méjì níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn ni máíkírà, nítorí náà má ní o fẹ́ máa ya fọ́tò ní fèrèsé. Tí o bá na fóònù síta nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ ní Pánsẹ́kẹ̀, ọlọ́kadà á bá ọ gbé e. Tí o bá ní kí n gbé ọ nìkan, dọ́ọ̀pù nìyẹn, owó rẹ̀ yàtọ̀.

Ayàwòrán_Sápọ́n
Mo fẹ́ ta ko Tíṣà díẹ̀ lórí "fóònù kì í ṣáájú ìkíni". Tí ọmọ yìí bá kọ́kọ́ bẹ gbogbo èèyàn, gbogbo wọn á dúró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù. Yà á nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, fi hàn wọ́n lẹ́yìn náà, pa á rẹ́ tí wọ́n bá kọ̀.

Ìyá_Láfẹ́nwá
Rárá o. Kọ́kọ́ kí wọn ná. "Ẹ kú ọjà o, ẹ kú oòrùn o, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí o." Ra ata igba náírà mélòó kan. Bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ọwọ́ wọn á padà sídìí iṣẹ́, wọ́n á gbàgbé fóònù. Ẹni tó bá yà mí kó tó kí mi, ó ti jalè.

Ayàwòrán_Sápọ́n
Ìyá, mo gbà. Ọ̀nà tiyín pẹ́ ju tèmi lọ, fọ́tò rẹ̀ sì máa dára jù.

Tíṣà_Aké
Fi èyí kún ohun tí o kò ní yà: bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá, ibi tí ológun ti ń dá ọkọ̀ dúró, àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Àrò, ọmọdé tí òbí rẹ̀ kò sí nítòsí. Má bá ẹnikẹ́ni yá dróónù, àṣẹ ìjọba ló ń gbà. Kí o tó gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pa ibi tí fóònù ń kọ ipò (location) sí nínú rẹ̀ fún fọ́tò tí o yà ní ilé èèyàn.

Ẹlẹ́rọ_Pánsẹ́kẹ̀
Ohun kékeré kan fún àmì ohùn: Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ní bọ́tìnnì Yorùbá. Wọ ibi èdè, fi Yorùbá kún un, tẹ e tàbí o mọ́lẹ̀, ẹ àti ọ á yọ. Lẹ́yìn tí o bá kọ tán, ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn kí o tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tó ní ààmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, bí ẹ́, àwọn fọ́ǹtì kan máa ń gbé ààmì òkè sí ẹ̀gbẹ́. Yí fọ́ǹtì padà, má yọ ààmì kúrò, Tíṣà yìí á mọ̀.

Ọmọ_Ìsọ́lù
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ní ṣìṣe. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo: bí òjò bá rọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ará_Ìkìjà
Má gun Olúmọ, òkúta tó tutù ń yọ̀. Kódà lẹ́yìn tí òjò bá dá, dúró kó gbẹ, kí o sì wọ bàtà rọ́bà tó ní eyín nísàlẹ̀, má wọ sílípáàsì.

Alárò_Ìtòkú
Wá sí agbo ilé. A kì í rẹ aṣọ lọ́jọ́ òjò torí kò ní gbẹ, aró á sì máa ṣàn síra wọn, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni a máa ń jókòó so ìko àti rán abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mẹ́fà lórí aṣọ funfun kan, lábẹ́ páànù. Fi náílọ̀n bo fóònù, má fi sí àpò ṣòkòtò tó ti tutù. Tí ojú kámẹ́rà bá rú nígbà tí o bá wọlé, má nù ún léraléra. Gbé e sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á mọ́ fúnra rẹ̀.